Ta Ni Ń Lo Prósẹ́sọ̀ Láptọ́ọ̀pù Tuntun Yín?

Láptọ́ọ̀pù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú páálí. Ẹ tàn án, ẹ kò tíì ṣí nǹkan kan, fáànù rẹ̀ ti ń pariwo. Abẹ́ rẹ̀ gbóná débi pé ẹ kò lè gbé e lé itan, bátìrì tí wọ́n ní yóò lo ọ̀pọ̀ wákàtí sì ti ń sáré lọ sílẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager tó ń fi iṣẹ́ inú ẹ̀rọ hàn, ẹ rí i pé CPU (prósẹ́sọ̀ náà) wà ní 85%, nígbà mìíràn 100%. Láti ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà. Àwọn kan á gbé e padà fún ẹni tó tà á, àwọn kan á ní kí ẹnì kan bá wọn fọ́máàtì rẹ̀, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo orúkọ tí wọ́n bá rí lójú Task Manager lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè mú àdánù wá, torí pé kò sẹ́ni tó tíì wádìí iṣẹ́ tí prósẹ́sọ̀ náà ń ṣe.

Bí nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ bá ga, ẹnì kan ló gbé iṣẹ́ fún un. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀: ta ló gbé iṣẹ́ náà wá, níbo ni onítọ̀hún ti wá, ìgbà wo ni iṣẹ́ náà yóò sì parí. Owó tí èèyàn fi ra láptọ́ọ̀pù lásìkò yìí kì í ṣe owó kékeré. Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní fi ẹ̀rọ tó dára ṣòfò, kò sì ní gba olè láyè nínú èyí tí olè ti wọ̀. Windows 11 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Ní kúkúrú, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ CPU ń sọ bí ọwọ́ prósẹ́sọ̀ ṣe dí tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹ fojú inú wò ó bíi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá ń rán aṣọ láìsinmi, tí àwọn mẹ́ta yòókù jókòó, 25% ni Task Manager yóò kọ. Bí méjì bá ń ṣiṣẹ́, yóò kọ 50%. Iye ọmọṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ tiyín ni wọ́n kọ síwájú “Logical processors” ní abala “Performance”.

Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Prósẹ́sọ̀ Intel Celeron N4020, tó pọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, ní méjì péré. Intel Core i5-1235U ní 12. Ẹ jẹ́ ká sọ pé áàpù kan há sójú kan, tó ń yí lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò fẹ́ parí. Lórí N4020, 50% ni yóò fi hàn. Lórí i5-1235U, nǹkan bíi 8%. Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ yóò ké gbàjarè, ẹni kejì kò sì ní fura rárá títí bátìrì rẹ̀ yóò fi máa kú ní ọ̀sán gangan. Nítorí náà, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré má ṣe já láyà kíákíá, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá má sì fojú kéré 8% tó dúró sójú kan látàárọ̀ dalẹ́.

Láptọ́ọ̀pù tó ti fìdí kalẹ̀, tí ẹ kò ṣí nǹkan kan lórí rẹ̀, kì í sábà kọjá 10%. Èyí tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ kéré lè fò sókè sí 30% fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì tún wálẹ̀. Fífò sókè yẹn kò burú. Èyí tó gòkè tó kọ̀ tí kò sọ̀ ni kí ẹ máa wá ìdí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wò ó

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager yóò ṣí. Ẹ má tíì gba ohun tí ẹ kọ́kọ́ rí gbọ́, nítorí ṣíṣí tí ẹ ṣí Task Manager fúnra rẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ní abala “Processes”, ẹ tẹ orí ibi tí wọ́n kọ CPU sí, kí àwọn tó ń lo prósẹ́sọ̀ jù lọ lè tò sókè. Ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, kí ẹ sì kọ orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ìwé pélébé yẹn ni yóò jẹ́ ẹ̀rí yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe gbójú lé ọpọlọ nìkan.

Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn tó bá lọ sí abala “Details”. Wọ́n á rí “System Idle Process” pẹ̀lú 95, wọ́n á sì rò pé òun gan-an ni ọ̀daràn. Ìsinmi ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Bó bá wà ní 95, ó túmọ̀ sí pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún agbára prósẹ́sọ̀ náà ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ara ẹ̀rọ yín le nìyẹn.

Iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́

Láptọ́ọ̀pù tuntun máa ń ṣiṣẹ́ gidi ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́ tó ṣeé fojú rí. Orúkọ tí ẹ máa rí lókè kò pọ̀, ó sì dára kí ẹ dá wọn mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni “Windows Modules Installer Worker”, tí wọ́n ń kọ ní TiWorker.exe ní abala “Details”. Òun ló ń tú update tí Windows gbà wọlé, tó sì ń tò ó síbi tó yẹ. Ẹ̀rọ tí ẹ rà lónìí ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é láti bí oṣù mélòó kan, gbogbo update tó jáde láti ìgbà náà ló sì ń dúró dè é. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè yẹn.

Èkejì ni “Antimalware Service Executable”, MsMpEng.exe. Microsoft Defender nìyẹn, áńtífáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá. Gbogbo fáìlì tuntun tó bá wọlé ló máa ń yẹ̀ wò. Bó bá ń ṣe àyẹ̀wò tó ní àkókò tirẹ̀, wọ́n ti sọ fún un látilẹ̀wá pé kó gbìyànjú láti má ṣe lò ju 50% prósẹ́sọ̀ lọ, ìdí nìyí tó fi máa ń dúró sí àyíká ibẹ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni “Microsoft Windows Search Indexer”, SearchIndexer.exe. Ó ń ka orúkọ fáìlì yín àti ohun tó wà nínú ìwé yín, ó ń kọ wọ́n sínú àkójọ kan, kó bàa lè jẹ́ pé bí ẹ bá wá nǹkan lọ́la, ìdáhùn yóò yá. Ẹ̀kẹrin ni OneDrive, tó ń gbé fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Nígbà kan náà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 tún máa ń ti dírááfù wọn pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ní kété tí ẹ bá ti fi àkáǹtì yẹn wọlé. Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ rí i dájú pé ẹ lè rí i níbẹ̀ kí ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀ tó dé.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ bá da fọ́tò àti ìwé láti inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sínú tuntun. Bí fáìlì kan bá ṣe ń balẹ̀, Defender yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní fáírọ́ọ̀sì. Indexer náà yóò ṣí i, yóò ka inú rẹ̀. OneDrive yóò tún gbé e, yóò máa fi ránṣẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fáìlì, ẹ ti mọ ìdí tí fáànù fi ń ké. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì lópin: bí fáìlì bá ti tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dákẹ́.

Iná, dátà, àti iṣẹ́ tí kò rí àyè parí

Níbi tí iná kì í lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo iṣẹ́ yìí lè parí ní ọjọ́ kan tàbí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀ṣogbo, ọ̀rọ̀ rí bákan mìíràn. Hotspot fóònù ni ọ̀pọ̀ ń lò. Update bẹ̀rẹ̀, dátà tán. Ó tún bẹ̀rẹ̀, iná lọ, wọ́n sì pa láptọ́ọ̀pù kí bátìrì má bàa kú. Iṣẹ́ ọjọ́ kan wá di iṣẹ́ oṣù kan, lójoojúmọ́ tí wọ́n bá tàn án ni yóò tún máa sáré lórí ohun tí kò rí àyè parí lánàá. Èmi gbà pé èyí ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa tí láptọ́ọ̀pù tuntun fi ń gbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì dùn mí pé ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí kì í mẹ́nu kàn án.

Ohun méjì ló tún ń dá kún un. Windows ní iṣẹ́ ìtọ́jú tó máa ń fẹ́ ṣe ní agogo méjì òru. Bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa nígbà yẹn, yóò sún un síwájú di ìgbà tó bá rí i pé ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ dìde lọ jẹun ní ọ̀sán, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké; ẹ padà dé, ẹ fọwọ́ kan máòsì, ó dákẹ́. Kò sí ohun abàmì kankan níbẹ̀. Ìkejì ni pé bí ẹ bá ti tan “Metered connection” láti fi ṣọ́ dátà, ọ̀pọ̀ update kò ní wọlé fúnra wọn. Ó dára láti ṣọ́ dátà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ máa fún un láyè.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fún láptọ́ọ̀pù yín ní òru kan tó péye. Ẹ wá ibi tí iná tàbí inverter ti dúró dáadáa àti dátà tó pọ̀ tó, nítorí update ẹ̀rọ tuntun lè gba GB mélòó kan. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ẹ so chájà mọ́ ọn. Ní “Settings”, lábẹ́ “System”, ẹ wọ ibi “Power & battery”, kí ẹ sọ fún un pé kó má sùn nígbà tí chájà bá wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí “Windows Update”, ẹ tẹ “Check for updates”, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi sọ fún yín pé kò sí tuntun mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un tàn, “Restart” ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má ṣe tẹ “Shut down”. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Bí ẹ bá tẹ “Shut down”, Windows yóò tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí dírááfù, yóò sì gbé e padà bó ṣe wà nígbà tí ẹ bá tún tàn án. Ohun tó bá há lánàá lè tún há lónìí. “Restart” ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ dànù, tó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fojú ara yín rí i: ní abala “Performance”, ẹ wo ibi “Up time”. Ẹni tó ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lálaalẹ́ lè bá ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Bó bá tẹ “Restart”, nọ́ńbà náà yóò padà sí òdo.

Bó bá ti rí àyè sinmi tí kò sì sinmi

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún ṣí Task Manager, kí ẹ fi àwọn orúkọ tó wà lókè wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá ṣì ga, a ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì lè wá ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abala “Startup apps”. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí gbogbo áàpù tó ń dìde fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù sábà máa ń kó áàpù tiwọn síbẹ̀: èyí tó ń wá update, èyí tó ń polówó, èyí tó ń yẹ bátìrì wò. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ èyí tí ẹ kò nílò, kí ẹ yan “Disable”. Èyí kò pa áàpù náà rẹ́. Ó kàn ní kó dúró títí ẹ ó fi pè é.

Ẹ wò ó bóyá áńtífáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fi fún yín dánwò wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ máa ń bá ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wá, ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì máa bẹ̀ yín kí ẹ sanwó. Bí ẹ kò bá ní sanwó fún un, ẹ yọ ọ́ kúrò ní “Installed apps”, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Microsoft Defender yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. 

Bráósà ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí Chrome tàbí Edge ló wà lókè, ẹ má tíì tì í. Ẹ tẹ Shift àti Esc nígbà tí bráósà náà wà níwájú yín; yóò ṣí Task Manager tirẹ̀, ẹ ó sì rí táàbù tàbí extension tó ń jẹ prósẹ́sọ̀ gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ojúlé kan ṣoṣo tó kún fún ìpolówó ọjà àti fídíò tó ń dá ṣeré ló ń ba tàwọn ogún yòókù jẹ́.

Orúkọ tí kò sọ ẹni tó ni ín

Àwọn orúkọ kan wà tí wọn kì í sọ ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. “Service Host”, tàbí svchost.exe, ni èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ilé ni, kì í ṣe ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí iṣẹ́ tó wà nínú. Bó bá jẹ́ Windows Update, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ ní abala “Details”, kí ẹ yan “Open file location”. Ojúlówó svchost.exe ń gbé ní C:\Windows\System32. Bó bá jẹ́ inú fódà Temp tàbí AppData ló gbé yín lọ, ayédèrú ni, kí ẹ tẹ̀ síwájú sí ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ olè nísàlẹ̀.

“System interrupts” kì í ṣe áàpù rárá. Ìpè tí àwọn ohun èlò ń pe prósẹ́sọ̀ ló ń kà, kì í sì í sábà ju 1% tàbí 2% lọ. Bó bá ń lo 10% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, driver kan (sọ́fítíwíà tó ń darí ohun èlò) tàbí ohun èlò kan ló ń dà á láàmú. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ USB lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo nọ́ńbà náà bí ẹ ti ń yọ wọ́n. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ lọ sí “Advanced options” ní Windows Update, ẹ wo “Optional updates” bóyá driver tuntun wà, tàbí kí ẹ gbà á lójúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín.

“WMI Provider Host” ni àwọn áàpù mìíràn máa ń bi léèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí. Bó bá ń ṣiṣẹ́ kára, ẹnì kan ló ń bi í ní ìbéèrè láìdákẹ́, àwọn áàpù tó ń ṣọ́ bátìrì àti ooru sì ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ti irú áàpù bẹ́ẹ̀ pa, kí ẹ wò ó bóyá WMI yóò dákẹ́.

Bó bá jẹ́ olè ló wà nílé

Ọ̀rọ̀ tó wà níbí ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní òkúnkúndùn. Àwọn kan wà tó ń fi prósẹ́sọ̀ ẹlòmíràn wa owó kríptò fún ara wọn. Ní ọdún 2017, Coinhive gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀daràn sì fi sórí ọ̀pọ̀ ojúlé tí kì í ṣe tiwọn títí ó fi kógbá wọlé ní 2019. Coinhive ti lọ, àṣà náà kò lọ. Iná yín ni wọ́n ń lò, bátìrì yín ni wọ́n ń pa, àwọn ni wọ́n sì ń kó èrè.

Ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà wọlé sára láptọ́ọ̀pù tuntun ni sọ́fítíwíà jíjí. Ẹni tó tà á tàbí ọ̀rẹ́ kan á ní òun yóò bá yín fi Office sí i lọ́fẹ̀ẹ́, á lo áàpù kan tó ń fọ́ títì, irú bíi KMSPico, á sì ní kí ẹ pa Defender ná kó lè ṣiṣẹ́. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ṣí fún un yẹn, ẹni tí ẹ kò mọ̀ lè gbabẹ̀ wọlé.

Àmì rẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ á máa ké nígbà tí ẹ kò lò ó, á sì dákẹ́ lójijì ní kété tí ẹ bá ṣí Task Manager, torí pé àwọn kan nínú wọn ní ọgbọ́n láti sá pamọ́. Orúkọ tó wà níbẹ̀ á jọ ti Windows ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ á wà ní AppData. Ẹ ṣí “Windows Security”, ẹ wọ “Virus & threat protection”, ẹ wo “Exclusions” nínú ètò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ohun tí Defender kò gbọdọ̀ yẹ̀ wò sí. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò kọ síbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí “Scan options”, kí ẹ yan “Microsoft Defender Antivirus (offline scan)”. Ẹ̀rọ yóò tún ara rẹ̀ tàn, yóò sì ṣe àyẹ̀wò fún bí ìṣẹ́jú 15 kí Windows tó jí, nígbà tí olè kò tíì rí ẹsẹ̀ dúró lé. Bó bá rí nǹkan, ẹ yọ sọ́fítíwíà jíjí náà kúrò, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì àti ímeèlì yín padà láti orí ẹ̀rọ mìíràn.

Ìgbà tí ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ áàpù

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ kò pọ̀, agbára ló dín kù. Prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń dín iyára rẹ̀ kù kó má bàa jó, iṣẹ́ kékeré á sì wá dà bí ẹrù ńlá. Ní abala “Performance”, ẹ fi “Speed” wé “Base speed”. Bí CPU bá wà ní 90%, tí “Speed” sì há sí 0.4 GHz nígbà tí “Base speed” jẹ́ 1.10 GHz, ẹ yé wá áàpù. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì lo ojúlówó chájà rẹ̀, torí pé àwọn láptọ́ọ̀pù kan máa ń fà sẹ́yìn bí chájà kò bá lágbára tó.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ pè ní tuntun, irú èyí tó kún Computer Village ní Ìkẹjà, eruku ọdún pípẹ́ lè ti dí fáànù rẹ̀, ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀ sì lè ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì tún ọ̀rá náà fi. Ẹ tún wo “Memory”. Windows 11 gbà kí ẹ̀rọ ní RAM 4 GB, ṣùgbọ́n ohun tó kéré jù ni wọ́n sọ yẹn. Bí Memory bá ti ń sún mọ́ 90%, gbogbo nǹkan ni yóò falẹ̀, ohun tó sì lè wo ẹ̀rọ náà sàn ni kí ẹ fi RAM kún un, bí irú láptọ́ọ̀pù yín bá gbà á.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ má ṣe pa orúkọ tí ẹ kò mọ̀ ní abala “Details”. Bí ẹ bá pa csrss.exe tàbí wininit.exe, gbogbo ẹ̀rọ ni yóò wó lulẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú. Ẹ má ṣe pa Defender tàbí Windows Update títí láé nítorí ariwo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má ṣe ra áàpù tó ní òun yóò mú ẹ̀rọ yín yára, nítorí òun náà yóò máa lo prósẹ́sọ̀ tí ẹ ń wá ọ̀nà láti gbà sílẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e padà

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn, ẹ lọ sí “Recovery” nínú “System”, kí ẹ yan “Reset PC” àti “Remove everything”. Ẹ tún fún un ní òru kan láìfi áàpù kankan kún un. Bí nọ́ńbà bá ṣì ga lórí ẹ̀rọ tó ṣófo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun èlò tàbí driver ló ní àbùkù. Ẹ ya fọ́tò ojú Task Manager tó fi orúkọ, “Speed” àti “Up time” hàn, kí ẹ mú u dání pẹ̀lú rìsíìtì àti wárántì. Yóò ṣòro fún ẹni tó tà á láti sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ ní Nàìjíríà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọjà tó péye, ẹ sì lè gbé ẹjọ́ tọ àjọ náà lọ bí wọn kò bá dá yín lóhùn.

Bí ẹ̀rọ yín bá sì ti fìdí kalẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ yẹn, ẹ ṣí Task Manager láìṣí nǹkan mìíràn, kí ẹ kọ nọ́ńbà CPU, “Speed”, Memory àti orúkọ mẹ́ta tó wà lókè sínú ìwé, pẹ̀lú déètì. Bí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kò ní máa ṣe àròyé lásán. Ẹ ó fi tòní wé ti ọjọ́ náà, orúkọ àlejò tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì hàn kedere.